Òtútù Tó Ń Rìn Kiri Nínú Ìwé Mi

Abúlé Gúáfà,
Lọ́nà Ìgbẹsà,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Toyibat Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Àsàláámù àláékùn. Ṣé dáadáa lo wà ní Àbújá, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ ń jẹun yó? Bí o bá béèrè èmi ìyá rẹ, mo wà bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ kí n wà, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń bá mi jiyàn tí mo bá fẹ́ dìde nídìí ìrun, òun náà á sì gbà nígbẹ̀yìn. Ọlọ́run tó fi ọ́ dá mi lọ́lá kò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀nà tí o bá tọ̀ á tẹ́jú, oúnjẹ tí o bá jẹ á di ẹ̀jẹ̀ sí ọ lára, ẹni tó bá sì ń wá ibi tí o máa ti ṣubú, òun ni ilẹ̀ máa yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀. Àmín.

Mo dúpẹ́ fáànù tí o fi rán Fàlílù awakọ̀, ó dé láìfọ́. Mo dúpẹ́ owó páànù náà, òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà tí wọ́n ti kàn án, kò sí ẹ̀kán kan tó bọ́ sórí ibùsùn mi, mo kàn ń dùbúlẹ̀ síbẹ̀ mò ń gbọ́ bí ó ṣe ń lu páànù, mò ń pe orúkọ rẹ. Bí o ṣe bo orí mi yìí, Ọlọ́run á bo orí tìrẹ náà.

Fóònù tí o rà fún mi ló fà á tí mo fi ń kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́. Má bínú, jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe rí. Mo ṣí i lọ́jọ́ kan, mo rí i tó kọ Ọ̀tà sójú, tó ya oòrùn kékeré sí i, tó wá kọ ọgbọ̀n sábẹ́ rẹ̀. Àyà mi já. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, èmi ni mò ń ka ooru ládùúgbò yìí, mi ò sì tíì sọ ti ọjọ́ yẹn fún ẹnikẹ́ni, ta ló wá sọ fún fóònù? Mo gbé e lọ síbi àpótí tí mo ti ń ka ooru, àpótí ní mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, fóònù ní ọgbọ̀n. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán tí mo gbé ẹ̀wà kà, ó ní ọgbọ̀n. Mo wá ní kò burú, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Àlàrí tó ń ta omi tútù létí títì, mo rì í bọ àárín yìnyín nínú kúlà rẹ̀, ó ṣì ń sọ ọgbọ̀n títí ojú rẹ̀ fi ṣókùnkùn, kò sì tíì sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Àlàrí ní omi ló wọ inú rẹ̀. Lójú tèmi, ìtìjú ni.

O rántí àpótí náà, èyí funfun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó wà nínú ọgbà ìwádìí ọ̀gbìn, tí o máa ń sá sábẹ́ rẹ̀ tí o bá da omi nù ní kékeré. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ọgbà yẹn, ọ̀gá àkọ́kọ́ fi gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn ooru nínú rẹ̀ hàn mí, ó ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti jáde ìwé mẹ́fà, kí n máa wò ó lójoojúmọ́ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, kí n máa kọ nọ́ńbà tí ooru bá gùn dé sínú ìwé. Bí mo ṣe gba iṣẹ́ ìgbálẹ̀ tí mo sì di akọ̀wé oòrùn nìyẹn. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ọjọ́ báyìí, orúkọ mi sì wà lẹ́yìn ìwé kọ̀ọ̀kan, Àìṣát Akíndé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni àwọn ọ̀dọ́ méjì wá láti orílé iṣẹ́ tó ni ọgbà náà. Ọkùnrin ń jẹ́ Cornelius, ó gbé kọ̀ǹpútà dání. Obìnrin ń jẹ́ Bùsọ́lá, ọmọ Ìwó ni, ìborùn rẹ̀ kì í kúrò lórí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ìwé mi mọ̀ bóyá ayé ń gbóná sí i. Cornelius fi ìlà kan hàn mí tó ń gun òkè lọ bí alángbá lára ògiri, ó ní nọ́ńbà mi nìyẹn. Mo ní kí ó má bínú, èmi ò gbà pé ayé ló ń gbóná. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, igi gúáfà ló yí àpótí yẹn ká. Wọ́n gé gúáfà, wọ́n da kọnkéré sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin wá fi ẹ̀yìn ti ògiri wa. Ẹni tó gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán tó wá ń pariwo pé ayé ń gbóná, ṣé ká bá a bú ayé ni, àbí ká bá a sún àga?

Cornelius rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni Màmá sọ, ó ní àwọn mọ̀ nípa ilé iṣẹ́ irin, ìdí nìyẹn tí àwọn fi máa bu nǹkan kù nínú nọ́ńbà àwọn ọdún yẹn. Ibẹ̀ ni inú ti bí mi. Mo bi í pé nọ́ńbà tí mo fi ojú mi rí tí mo fi ọwọ́ mi kọ, òun tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn ló fẹ́ bu nǹkan kúrò níbẹ̀? Mo ní ohun tí àwọn onígàrí tó ń tẹ ìdí kóńgò wọnú ń ṣe nìyẹn. Mo ní òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo fọ́nnu lọ́jọ́ náà, ọmọ mi, ẹnu mi gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ni Cornelius bá tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà, ó ní ó dáa, kí Màmá ṣàlàyé èyí fún òun. Ó fi ihò kan hàn mí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú gbogbo ọdún, oṣù kan tí ooru máa ń já wálẹ̀ láti mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sí mẹ́tàlélógún, á sì tún padà sókè. Ihò náà kì í jókòó sójú kan. Ọdún kan á wà nínú ọyẹ́, tó bá ṣe díẹ̀ á ti sún bọ́ sínú òjò, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ọdún po tán. Ó ní ọyẹ́ kì í rìn bẹ́ẹ̀, òjò kì í rìn bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá jókòó sílé tó ń hùmọ̀ nọ́ńbà nìkan ló lè kọ irú rẹ̀. Ó ní àwọn máa padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti kó àwọn ìwé náà, àti pé òun máa kọ ọ́ sínú ìròyìn pé kò ṣeé gbára lé, kí wọ́n pa gbogbo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà tì. Bùsọ́lá ń wo ojú mi.

Toyibat, èmi mọ ohun tí ihò yẹn jẹ́. Ààwẹ̀ ni. Ọdún àkọ́kọ́ tí Rámádánì bá mi lẹ́nu iṣẹ́ náà, mo rìn lọ síbi àpótí ní aago mẹ́ta, òòyì kọ́ mi, àpótí ni mo gbá mú tí mi ò fi ṣubú. Lọ́jọ́ kejì tí mo jí dáná sàárì, mo rò ó pé ojú mi ṣáà ti là, gíláàsì kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni, mo gbé àtùpà, mo lọ wò ó, mo kọ ọ́, mo sì fi aago mẹ́ta sí i lórí. Bí mo ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn. Ẹ̀rín á pa ọ́ tí o bá gbọ́ èyí tó kù: mo rí i pé nọ́ńbà máa ń kéré nínú oṣù ààwẹ̀, mo sì gbà tọkàntọkàn pé àánú Ọlọ́run ló ń mú oṣù náà tutù fún àwa tó ń gbààwẹ̀. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí, wọ́n ṣe àmín. Ṣùgbọ́n aago mẹ́ta tí mo kọ, irọ́ ni, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ṣí àwọn ìwé náà wò. Mo lọ bá Lèmọ́mù Rauf, mo rò ó fún un, ó ní mo fi ẹnu gbààwẹ̀ ṣùgbọ́n bírò mi ń jẹun, kí n lọ sọ òótọ́ fún ẹni tí mo pa irọ́ náà fún. Nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé, tí wọ́n gbé àpò dé, tí wọ́n ti ń kó ìwé mi sí i bí ẹni ń kó àgbàdo, mo ní kí wọ́n dúró. Orúnkún ni kò jẹ́, ǹ bá kúnlẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ní kí wọ́n ju oṣù ààwẹ̀ nù, kí wọ́n sì fi orúkọ mi ré tí wọ́n bá fẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ yòókù, mo fi Alukùránì búra, mo rìn débẹ̀.

Bùsọ́lá ni kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó mú fóònù tirẹ̀ jáde, èyí tí wọn ò tíì gbé sínú yìnyín, ó wá ọjọ́ tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kọ̀ọ̀kan, ó ń pè é, Cornelius ń wò ó. Ihò kọ̀ọ̀kan bọ́ sójú òṣùpá rẹ̀, kò yẹ̀. Cornelius wá bi mí pé kí ló dé tí ooru fi máa ń padà láàárín ihò fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Mo wo ilẹ̀. Bùsọ́lá náà wo ilẹ̀, ó ní obìnrin kì í gbààwẹ̀ gbogbo ọjọ́ inú oṣù, kí ó máa ka tirẹ̀ lọ. Nígbà tí kò bá sí ààwẹ̀ lẹ́nu mi, kò sí àwáwí, aago mẹ́ta ni mo máa ń lọ. Cornelius tún ní ó jọ pé ọjọ́ wọ̀nyẹn ti dáwọ́ dúró láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Bùsọ́lá ní ìyẹn náà, kí ó fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n padà sórí ọdún kẹta, òun nìkan ni kò sí ihò níbẹ̀ rárá. Ooru ọ̀sán ló wà nínú Rámádánì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Cornelius wò mí. Bùsọ́lá rọra bi mí pé ààwẹ̀ ti ọdún yìí ńkọ́, Màmá. Mo ka ìka mi, mo sì rántí. Ọdún tí mo lóyún rẹ ni. O ti pé oṣù mẹ́jọ, nọ́ọ̀sì ní mi ò gbọdọ̀ gbààwẹ̀. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, òun ló dáná sàárì fún ara rẹ̀ lóṣù náà, ó sì ń jó ẹ̀wà lójoojúmọ́, èmi ń sùn. Tó bá di aago mẹ́ta ọ̀sán, n ó fi ọwọ́ kan ti ẹ̀yìn, n ó gbé ìwọ àti ìwé mi rìn lọ síbi àpótí. Mo sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Bùsọ́lá fi etí ìborùn nu ojú. Cornelius dọ̀bálẹ̀ sórí kọnkéré, ó ní kí n má bínú, ó ní ẹni tó bá ń hùmọ̀ nọ́ńbà nílé kò ní rántí láti hùmọ̀ oyún. Ó kó àwọn ìwé náà jáde kúrò nínú àpò, ó fi aṣọ wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ti gbà kí wọ́n tún nọ́ńbà ṣe, torí èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ bà á jẹ́. Ohun tí mo bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n má pa tèmi rẹ́, kí wọ́n fi bírò pupa kọ tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bùsọ́lá ní bí àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn, ti àkọ́kọ́ kì í kúrò. Ó yọ ooru ilé iṣẹ́ irin kúrò, ó dá ààwẹ̀ padà sí àyè rẹ̀, ó sì fi ìlà náà hàn mí. Alángbá yẹn ṣì ń gun òkè, ṣùgbọ́n kò yára tó ti tẹ́lẹ̀. Ó ní àwọn àpótí mìíràn wà nínú igbó tí kò sí ilé iṣẹ́ kankan, tiwọn náà ń gun òkè. Mo wò ó títí. Mo sọ fún wọn pé mi ò tíì ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mi ò lè ní bẹ́ẹ̀ kọ́ mọ́, kí wọ́n fún mi ní ọdún díẹ̀ sí i kí n fi ojú ara mi kà á. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó bi mí pé ọdún mélòó ni mo ti wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, mo kọ mọ́kànlélọ́gọ́ta, torí kò sí ọdún kan tí oòrùn kò pa mí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Cornelius fẹ́ tún un kọ, Bùsọ́lá ní kí ó fi sílẹ̀.

Ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Adérógbà tó ń tún fóònù ṣe ní Ṣàngó ní òun lè jí i dìde tí owó bá wà. Ààwẹ̀ tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, aago mẹ́ta ọ̀sán ni n ó sì máa lọ lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, nítorí náà bá mi fi owó agboòrùn kan ránṣẹ́, èyí tó fẹ̀, àti ti àga kékeré tí mo lè fi sinmi lójú ọ̀nà, àti ti ìwé onílà méjì. Iye tí agbára rẹ bá ká ni. Ẹni tó ti kan páànù fún mi, mi ò gbọdọ̀ gún un ní kẹ́ṣẹ́.

Ọlọ́run á tọ́jú rẹ bí o ṣe ń tọ́jú mi, àwọn ọmọ rẹ á gbé ọ ga. Kí Bùsọ́lá tó pa kọ̀ǹpútà dé, mo rí i tó kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún kẹta yẹn, mo ní kí ó kà á fún mi. Ó ní òun kọ ọ́ pé ọdún yìí kò nílò àtúnṣe. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ̀wé, Àjọkẹ́, ọdún tí mo gbé ọ sínú nìkan ni irọ́ kankan kò sí nínú rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ ní ọ̀kan ṣoṣo,
Àìṣát Akíndé.