Sàárà Tí Bàbá Mi Ṣe Nítorí Ìràwọ̀

Ilé Aránfìlà,
Òkè-Bàálẹ̀,
Òṣogbo.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025.

Ìbùkún, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé ara le, ṣé ilé tòrò? Orúnkún Màámi ìyá rẹ ńkọ́? Ẹ kú iṣẹ́ kòkó ní Ifẹ̀wàrà. Mo gbọ́ pé òjò kò jẹ́ kí ẹ rí i sá. Àwa náà wà, alihamudulilahi, àmọ́ ojú tì mí lọ́sẹ̀ yìí, ìwọ ni mo sì fẹ́ rò ó fún. Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o.

O mọ iṣẹ́ ìwádìí mi ní yunifásítì. Lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, ìràwọ̀ kan kọjá níwájú òmíràn. Ìwúwo ti iwájú tẹ ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀yìn, ìyẹn bá tàn yòò fún ọjọ́ mélòó kan. Nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni mo ti rí i pé ti iwájú kò dá rìn: nǹkan kan wà pẹ̀lú rẹ̀, tó wúwo tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Mo rò pé ìràwọ̀ iwájú yẹn kéré gan-an, ni mo bá sọ fún Bàbá lóṣù méjì sẹ́yìn pé pílánẹ́ẹ̀tì ni mo rí, ayé mìíràn tó tóbi ju tiwa lọ fíìfíì.

Háà! Ṣebí o mọ Bàbá mi. Fìlà tí wọ́n ń rán lọ́wọ́ ni wọ́n jù sílẹ̀. Kó tó di Jímọ̀, wọ́n ti ní kí wọ́n din mọ́sà apẹ̀rẹ̀ méjì, wọ́n gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí, Lemọ́mù sì ṣàdúrà fún ọmọ Mùtàlíbù tó rí ayé tuntun.

Ọjọ́ Ajé ni àwòrán tuntun dé, èyí tí awò-awọ̀nàjíjìn ńlá kan yà kedere. Ìràwọ̀ iwájú ti kúrò lára ti ẹ̀yìn, a wá rí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti iwájú mọ́lẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. A jẹ́ pé ó tóbi. Bó bá sì tóbi, ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ kì í ṣe pílánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ìràwọ̀ lòun náà.

Ẹ̀rù bà mí. Mo lè dákẹ́, àbí ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò ládùúgbò wa? Àmọ́ n kò lè jẹ́ kí Bàbá máa fi irọ́ yangàn láàárín ẹgbẹ́ wọn. Mo sọ fún wọn. Wọ́n kàn ń rán fìlà wọn lọ. Inú mi bàjẹ́ gidi.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ lánàá, èmi àti Rùkáyà àbúrò mi wà lẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, ni Bàbá bá dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi ṣì í. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi. Ẹ bá mi dúpẹ́ irú ọmọ tí Ọlọ́hun fún mi."

Ìbùkún, mo sunkún títí ìbòrí mi fi rin.

Bá mi kí Màámi, kí o sì kí Elisha ọkọ rẹ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọ,
Munawwarah.