Abọ́ Òfìfo Qúdrát

Mẹ̀dínátù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ ní Kàdúná. Àlàáfíà la wà ní Ẹ̀gùá, orúnkún mi nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu.

Qúdrát ọmọ rẹ ń kọ ọ̀ọ́dúnrún náírà ó lé márùn-ún bíi 35. Ẹ̀rù bà mí pé ibà èṣí ti ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́.

Tíṣà wá fi páálí gé owó fún wọn ní kíláàsì, wọ́n ń tò ó sínú abọ́ mẹ́ta: ọgọ́rùn-ún, mẹ́wàá, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Lánàá Qúdrát ń tò ó nílé, mo fẹ́ gbé abọ́ àárín tó ṣófo kúrò.

“Bàbá àgbà, ẹ fi sílẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ sọ wá di òtòṣì ni?”

Ó sì kọ 305. Alhamdulillah!

Fi oògùn orúnkún ránṣẹ́. Ọlọ́run á mú ọ wálé láyọ̀. Àga rẹ ṣì ṣófo láàárín wa. Qúdrát ò jẹ́ kí n gbé e kúrò.

Bàbá rẹ,
Sàláúdéènì