Mo Ti Ilé Ìdáná Mọ́ Ìyá Ọkọ Mi

Èmi ni mo fi ebi dá ìyá ọkọ mi dùbúlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ báyìí, kó má baà di pé mo ń pọ́n ara mi lé bí ọ̀rọ̀ bá ti ń gùn... Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bo orúkọ mi, torí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa pọ̀ lórí page yìí. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, kì í ṣe ìtùnú. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi kó bú mi, mi ò ní bínú, ṣùgbọ́n ẹ kà á dé ìparí ná, torí ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ náà máa délẹ̀, mi ò sì mọ ohun tí mo máa ṣe.

Jos ni wọ́n bí mi sí, Jos náà ni wọ́n bí bàbá mi sí. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá bàbá mi wá síbí. Hausa ni mo fi ṣeré lọ́mọdé, ilé ọkọ ni Yorùbá mi ti wá já gaara. Ìjẹ̀ṣà ni ọkọ mi, Lafia ló ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ Fúráìdé ló máa ń wálé. Àdúgbò Àpáta ní Jos là ń gbé, ọmọ méjì la bí, èmi sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan lápá Kuru. Lẹ́yìn tí bàbá ọkọ mi kú ni Màmá kúrò ní Iléṣà wá bá wa gbé, ó di ọdún márùn-ún báyìí. Ẹ má gbọ́ pé a ń jà o. Màmá ò bá ènìyàn jà. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà, ìyẹn nìkan ni wàhálà rẹ̀.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ayé mi ò létò rárá. Mo sanra, ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ojoojúmọ́ ni mo ń pẹ́ débi iṣẹ́, wọ́n ti fún mi ní query lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ á lọ sí ilé ìwé láì jẹun, Màmá á máa jẹ búrẹ́dì funfun pẹ̀lú tíì tó kún fún mílíìkì, èmi á jẹ ohun tí mo bá rí lójú ọ̀nà. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn video lórí fóònù, àwọn tó ń kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń jẹun dáadáa tí wọ́n sì ń lo àkókò dáadáa. Obìnrin kan ní ẹni tí kò bá lè ṣàkóso àárọ̀ rẹ̀ kò lè ṣàkóso ayé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo mú kádíbọ́ọ̀dù, mo ya tímẹ́tébù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì. 4:50 jíjí. 6:15 oúnjẹ àárọ̀. 6:35 kíkó abọ́. 6:40 oògùn Màmá. 1:00 oúnjẹ ọ̀sán láti inú fíláàsì. 5:30 oúnjẹ alẹ́. 6:00 ilé ìdáná ti parí iṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo fi aláàmù sí. Mo lé búrẹ́dì jáde, mo lé ìrẹsì, mo gbé acha wọlé, ọkà wẹ́wẹ́ kan tí gbogbo ayé ní Jos mọ̀ sí oúnjẹ àwọn tó ní ṣúgà. Mo ń fi ewébẹ̀ àti ẹja gbígbẹ se é ní gwate, oúnjẹ tó dà bí àsáró, bí àwọn ará ibí ṣe máa ń sè é.

Ó sì ṣiṣẹ́. Ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn, ó ṣiṣẹ́... Mo fọn, ẹ̀jẹ̀ mi wálẹ̀, ṣúgà Màmá wálẹ̀, mi ò pẹ́ débi iṣẹ́ mọ́. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ń wá bá mi pé kí n ya tímẹ́tébù náà ní fọ́tò fún àwọn. Orí mi wú. Wallahi, orí mi wú ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́jọ́ kan mo ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá, mo rí másà mẹ́ta, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, nínú ọ̀rá lábẹ́ ìrọ̀rí. Obìnrin kan tó ń ti àdúgbò Dilimi kiri wá ló rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bá ìyá ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin wí bí ẹni ń bá ọmọ nọ́sìrì wí, ó sì ń bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ọmọ òun. Mo sọ fún ọkọ mi. Lọ́jọ́ kejì mo ra àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Tí mi ò bá sí nílé, kò sẹ́ni tó máa jẹ ohun tí kò sí nínú tímẹ́tébù. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín nígbà tó dé, ó ní Màmá ti bá sójà pàdé. Màmá náà rẹ́rìn-ín.

Wàyí o, ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Màmá kì í sọ pé ebi ń pa òun. Láéláé. Níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, àgbà kì í sáré sí oúnjẹ nílé ìyàwó ọmọ ẹ̀. O máa gbé e síwájú rẹ̀, á ní òun ti yó, á ní kí o kó o fún àwọn ọmọ. Ìwọ náà á wá bẹ̀ ẹ́, á ní rárá, wàá tún bẹ̀ ẹ́, wàá ní kó fọwọ́ kàn án nítorí tìẹ. Ìgbà yẹn ló máa tó fọ ọwọ́, á sì jẹ ẹ́ tán pátápátá. Ìyá mi kọ́ mi ní èyí kó tó fà mí lé wọn lọ́wọ́, torí ó mọ̀ pé inú kọ́mpáùǹdù tí gbogbo wa ti ń jẹ nínú abọ́ kan ni mo dàgbà sí, ẹni tí ebi bá pa á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo máa ń bẹ Màmá. Mo mọ̀ ọ́n bẹ̀. Ṣùgbọ́n ogún ìṣẹ́jú péré ni mo fún oúnjẹ àárọ̀ nínú tímẹ́tébù, kò sí àyè ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara mi pé àgbàlagbà tó bá ní òun yó, ó yó nìyẹn. Tó bá kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e kúrò. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun láì jẹ́ kí n bẹ òun. Mo tiẹ̀ fi ṣakọ níbi iṣẹ́ pé mo ti kọ́ ìyá ọkọ mi láti máa sọ òótọ́ inú rẹ̀. Ẹ wo irú ẹnu!

Ọjọ́bọ̀ kan ni, ọyẹ́ mú gan-an, irú òtútù Jos tó máa ń mú kí ìka le. Màmá pẹ́ nínú balùwẹ̀. 6:30 ló jókòó sídìí oúnjẹ. Gwate ti tutù. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá ó máa jẹun. Ó ní inú òun ti kún, kí n máa lọ kí n má pẹ́. Ó wo oúnjẹ náà bó ṣe ń sọ ọ́... mo rí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí ojú tó fi wo oúnjẹ náà. Mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ló kù. Mo gbé abọ́ kúrò. Aláàmù 6:40 dún, mo fún un ní oògùn ṣúgà, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó fi omi gbé e mì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Oògùn tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ẹ jẹun kí ẹ tó lò ó. Mo ti ilé ìdáná, mo kó àwọn ọmọ, mo jáde.

Nínú kẹ̀kẹ́, nígbà tí a dé Terminus, mo rántí pé fíláàsì oúnjẹ ọ̀sán Màmá, tí mo máa ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀ kí n tó ti ilẹ̀kùn, ṣì wà nínú ilé ìdáná. Mo rántí o. Ìgbàgbé kọ́ ni, ẹ má bá mi pè é ní ìgbàgbé. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì mi. Mo wo aago. Tí mo bá padà, màá fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́, ó sì ti tó oṣù mẹ́jọ tí mi ò tíì pẹ́ rí, wọ́n fẹ́ fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn yòókù lóṣù yẹn. Mo ní ọ̀sán kan ò lè pa ènìyàn. Mo ní Màmá á sùn. Mo ní kí kẹ̀kẹ́ máa lọ.

A dé ní nǹkan bíi aago márùn-ún kù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èmi àtàwọn ọmọ. Màmá wà nílẹ̀ ní iwájú ilé ìdáná. Òógùn ti rẹ ìró rẹ̀ nínú òtútù yẹn. Ṣíbí kékeré tó wà ní yàrá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fi họ àgádágodo náà yíká. Ó ṣì ń mí. Mo ní kí àwọn ọmọ sáré pe aládùúgbò wa, ìyá kan tó jẹ́ ẹ̀yà Birom. Kí ìyá náà tó dé, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo ṣí àgádágodo, mo jù ú sínú báàgì. Mo da ìdajì oúnjẹ inú fíláàsì nù, mo gbé fíláàsì sí ẹ̀gbẹ́ àga Màmá, mo fi oúnjẹ ra ṣíbí inú rẹ̀ kó dà bí ẹni pé ó jẹ ẹ́. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Mo ṣì ń bi ara mi pé ta ló kọ́ mi.

Ní ọsibítù dókítà ní ṣúgà rẹ̀ ti já wálẹ̀ pátápátá, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀. Ó bi mí bóyá ó jẹun. Mo ní ó jẹun àárọ̀, mo ní ó jẹun ọ̀sán. Ó ń mi orí, kò yé e, ó ní ó lè jẹ́ pé oògùn náà le jù. Ọkọ mi gbá ọ̀rọ̀ yẹn mú. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí òun náà ń gbé ní Jos níbí, òun ló ra páálí oògùn tuntun wá lọ́jọ́ Túsìdé ọ̀sẹ̀ yẹn, páálí náà sì yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ọkọ mi ní kò wò ó dáadáa kó tó rà á, ó ní ìwà kò-kàn-mí rẹ̀ ló fẹ́ pa ìyá àwọn. Mo wà níbẹ̀. Ó yẹ kí n la ẹnu mi. Ọkọ mi yíjú sí mi, ó bi mí bóyá kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Láti ìgbà náà kò jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ rí Màmá. Ọmọbìnrin yẹn gbà pé òun lòun ṣe é. Ó wá sí gate wa lọ́jọ́ Wẹ́sìdé kan tí ọkọ mi ò sí nílé, ó kúnlẹ̀ fún mi nínú eruku, ó ń sunkún pé kí n bá òun bẹ ẹ̀gbọ́n òun. Ẹ̀yin mọ̀ pé ọkọ mi lòun náà jẹ́ nílé Yorùbá. Ó ti wà nínú ilé yẹn kí n tó débẹ̀, èmi ló yẹ kí n máa kúnlẹ̀ fún un. Mo ń na ọwọ́ láàárín irin gate láti gbé e dìde, ó ń padà sílẹ̀. Mi ò ṣí gate.

Màmá la ojú, ṣùgbọ́n kò mọ ẹnikẹ́ni. Kò sọ̀rọ̀. Dókítà ní kí a má retí púpọ̀. Èmi ni mò ń bọ́ ọ, mo ti gba àyè níbi iṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí ṣíbí bá dé ẹnu rẹ̀ ló ń ya ẹnu. Kò kọ̀ ọ́, kò ní òun yó, èmi ni mo máa ń dá a dúró kí inú rẹ̀ má baà bẹ́. Tí mo bá bọ́ ọ tán, mo máa ń wọ ilé ìdáná, màá dúró lórí ìdúró, màá jẹ odidi búrẹ́dì kan láì po tíì... Gbogbo ara tí mo fọn ti padà. Ọkọ mi ń sọ fún gbogbo ayé pé tí kì í bá ṣe ìyàwó òun, Màmá ì bá ti kú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tún ní kí n fi tímẹ́tébù ránṣẹ́ sí òun. Mo fi ránṣẹ́ sí i. Mi ò mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ mọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ́ sí ọkọ mi lórí fóònù tí mo sì pa á rẹ́. Mo gbàdúrà, mo gbààwẹ̀, ẹ má sọ pé kí n lọ gbàdúrà. Ní Sátidé, àwọn àgbà ẹbí ń bọ̀ láti Iléṣà wá parí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní àbúrò ọkọ mi gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ lójú gbogbo ẹbí kó jẹ́wọ́. Bí kò bá ṣe é, ọjọ́ tí Màmá bá kú, kò gbọ́dọ̀ yọjú síbi ìsìnkú. Ó ti gbà láti kúnlẹ̀.

Bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á lé mi, mi ò sì lè ní kí wọ́n má lé mi, ṣùgbọ́n ta ló máa máa bọ́ Màmá? Ta ló mọ ìgbà tó yẹ kó dúró? Àwọn ọmọ mi ńkọ́? Bí mo bá sì dákẹ́, ṣé màá lè dákẹ́ títí tí màá fi kú? Haba, kí lẹ̀yin máa ṣe tó bá jẹ́ ẹ̀yin? Torí ohun tí ọkọ mi bá mi sọ lórí fóònù láàárọ̀ yìí ni mi ò lè gbé mì. Ó ní àwọn àgbà ti sọ pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ èmi ni mò ń jìyà ìtọ́jú Màmá, tí ọmọbìnrin náà bá ti kúnlẹ̀ tán, èmi ni wọ́n fẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé e lórí, kí n sọ pé mo dárí jì í.