Ilà Mẹ́ta Lójú Ìyá

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Ìyá Àgbà gbà! Ìyá tí wọn ò jókòó fún fọ́tò rí láyé wọn. Àbúrò wọn, Alájà Karimat, ń ṣàìsàn ní Kánò, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ rí ojú ẹ̀gbọ́n àwọn. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti fojú kan ara wọn gbẹ̀yìn. Fídíò fóònù ńkọ́? Ìyá ní àwọn kì í bá dígí sọ̀rọ̀. Fọ́tò ni, èyí tó ṣeé fọwọ́ mú. Bọ̀dá Yésúfù àdúgbò wa ń lọ sí Kánò lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ni wọ́n máa mú un lọ.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, Waliyat." Kò burú. Ọlọ́gbọ́n — kámẹ́rà mi tuntun — kì í tàsé. Fúnra rẹ̀ ló ń wá ojú èèyàn kiri.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

Mo ti yà á, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa níbí ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Ìyá gbé tẹ̀sùbáà sókè níwájú àyà. Iná pupa kékeré tí Ọlọ́gbọ́n fi ń wá ọ̀nà tàn sí wọn lójú. Wọ́n ta gìrì: "Kí lèyí ń wá lára mi?" Mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbọ́ "kẹ́ẹ́", wọ́n dìde. Lójú dígí kékeré tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, ó dára gan-an.

Ọjọ́rú, 10

Kò dára.

Ọjọ́bọ̀, 11

Ó yẹ kí n kọ ọ́. Mo ní kí wọ́n tẹ fọ́tò yẹn fẹ̀ fún mi ní Bẹẹrẹ lánàá. Gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà ló hàn kedere, òwú tó so wọ́n pọ̀ pàápàá hàn. Ojú Ìyá wà lẹ́yìn wọn bí ẹni tó dúró nínú ọyẹ́. Ọlọ́gbọ́n gbá ohun tó súnmọ́ ọn jù mú, ó fi ojú sílẹ̀. Inú bí mi débi pé mi ò jẹun. Sí ta ni, gan-an? Èmi náà ni mo gbé gbogbo iṣẹ́ lé e lọ́wọ́.

Mo gba Ọjà'ba lọ sí Àrẹ̀mọ, mo lọ bá Bàbá Fèrèsé. (Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ o. Bàbá Ọlábọ̀wálé ni wọ́n, àgbà ayafọ́tò, ọmọ tíṣà ìjọ Áńgílíkà.) Kámẹ́rà wọn ní fèrèsé kéékèèké méjì níwájú, kò ní bátìrì, fíìmù ló ń lò. Mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Lónìí mo kúnlẹ̀. Bàbá wo fọ́tò mi títí. "Ìlẹ̀kẹ̀ yìí mà dára o." Ó fẹ́ pa mí lẹ́kún, ẹ̀rín ló jáde.

Nígbà tí mo sọ fún Ìyá pé Bàbá fẹ́ wá fi kámẹ́rà tiwọn yà wọ́n, ohun kan ni wọ́n béèrè: ṣé tiẹ̀ máa ń tanná síni lójú? Mo ní rárá.

"Kó máa bọ̀."

Ọjọ́ Jímọ̀, 12

Kí n kọ ọ́ kó tó sá mọ́ mi lọ́wọ́. Bàbá gun ọ̀kadà wá lẹ́yìn ìrun, àwọn tí wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún! Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ yọjú wo inú kámẹ́rà. Ìyá méjì ni mo rí. Ọ̀kan hàn dáadáa, èkejì rí bàìbàì, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Bàbá ní kí n wo pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Mẹ́ta ni, lóòró — mẹ́fà ni mo kà.

"Máa yí lẹ́ǹsì yẹn. Tí mẹ́fà bá ti di mẹ́ta, o ti dé ibi tí wọ́n wà."

Mo yí i. Mẹ́fà. Mẹ́fà. Wọ́n ń súnmọ́ ara wọn. Mẹ́ta! Orí mi wú. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè fi ìka rìn dé ojú ẹlòmíì báyìí.

Ni Bàbá bá gba kámẹ́rà, wọ́n yí lẹ́ǹsì padà sẹ́yìn, tó ìbú igi ìṣáná kan. Mo pariwo pé wọ́n ti bà á jẹ́. Ara wọn balẹ̀ ní tiwọn. "Ó bọ́ lọ́wọ́ mi lórí àtẹ̀gùn Mápó, ó ti lé lógún ọdún. Látìgbà náà ló ti ń purọ́. Àmọ́ irọ́ kan náà ló ń pa. Tìrẹ lèèyàn ò mọ èyí tó máa pa."

Wọ́n mí síta, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan. Ìyá ò tiẹ̀ gbọ́.

Igi ìṣáná yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀la ni wọ́n máa fọ fíìmù náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

Ilà ló kọ́kọ́ yọ nínú omi, ní yàrá dúdú tí Bàbá ti ń fọ fọ́tò. Mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ojú, irun ìpéǹpéjú, omi díẹ̀ tó dúró sí kọ̀rọ̀ ojú ọ̀tún. Gbogbo rẹ̀ hàn! Mo kúnlẹ̀ nínú yàrá dúdú yẹn, orúnkún mi rin gbingbin. Ọwọ́ Bàbá ló ya fọ́tò yìí, kámẹ́rà kàn tẹ̀ lé wọn ni.

Ìyá kọ̀, wọn ò wò ó. "Ti Karimat ni."

Ọjọ́ Àìkú, 14

Bọ̀dá Yésúfù ti gbéra. Nírọ̀lẹ́ mo fi Ọlọ́gbọ́n ya àwọn ọmọ ilé-kéwú tó ń sáré, kò tàsé kankan. Mo gbé e lọ fi han Bàbá. "Èmi ò lè ṣe èyí láéláé." Òótọ́ ni, mi ò ní tà á. Kó máa bá mi wá ohun tó ń sá. Ẹni tó bá jókòó dè mí, èmi ló yẹ kí n wá a.

Ọjọ́rú, 17

Kánò pè. Alájà Karimat ti gba fọ́tò, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń béèrè ibi tí a ti rí fọ́tò ìyá àwọn.

Ìyá wọn ò ya fọ́tò rí títí wọ́n fi wọlẹ̀.

Mo gbé fóònù sí Ìyá létí. Wọ́n gbọ́ ohun tí àbúrò wọn ń sọ. "Èmi ni, Karimat. Èmi ni mo ti dà bẹ́ẹ̀." Àwọn méjèèjì ń sunkún, èmi náà ò gbẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Waliyat, sọ fún Bọ̀wálé kó fọ ọ̀kan fún mi. Mo fẹ́ rí ìyá mi."