A Gbálẹ̀ De Ìsípẹ́kítọ̀ Kúárì

Bàámi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá kọ́kọ́ ń kí yín kú ọjọ́ mẹ́ta, irọ́ ni màá máa fi ẹnu pa. Ilé tí ẹ kọ́ sí Àpáta, tí ẹ ń po amọ̀ rẹ̀ fúnra yín bí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ rélùwéè dé, òun ni àwọn kan ń fi ẹ̀tù wó mọ́ Màámi lórí.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ tán ni kọngílá kan tó ń la títì gba òkúta ńlá ẹ̀yìn ilé wa lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀. Òkúta tí ẹ máa ń jókòó lé nírọ̀lẹ́, tí ẹ ó na ẹsẹ̀, tí ẹ ó bọ́ bàtà sápá kan, tí ẹ ó máa kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ kì í mọ ìparí rẹ̀. Ó ti di kúárì, ẹ̀tù ni wọ́n fi ń fọ́ ọ. Bí wọ́n bá ti fun fèrè, kí oníkálukú sá wọlé ni. Ẹ ó kàn gbọ́ gbàù! Ilẹ̀ á mì, àwo á máa jó lórí pẹpẹ, òkúta á máa já lu páànù. Eruku bo ẹ̀fọ́ tí Màámi gbìn, ikọ́ sì ti wọ̀ wọ́n láyà. Ògiri yàrá wọn lanu débi pé ọwọ́ mi wọ inú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n wá máa bá mi gbé ní Òkè-Àdó. Wọ́n ní àwọn ò lè fi ẹ̀yin nìkan sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Kí ni kí n wí sí ìyẹn, Bàámi?

Èmi àti àwọn aládùúgbò bá gbé ẹjọ́ lọ bá ìjọba ní Agodi. Èmi ni mò ń lọ, èmi ni mò ń bọ̀, tí àwọn akọ̀wé ń ní kí n padà wá lọ́la, bí ẹni pé mi ò níṣẹ́. Ìgbà tó yá, wọ́n ní ìsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ wá wò ó. Bó bá rí i pé kúárì ń ba ilé jẹ́ lóòótọ́, wọ́n á dá a dúró. Mo dúpẹ́, mo yọ̀. Mo ránṣẹ́ sílé pé ìsípẹ́kítọ̀ ìjọba ń bọ̀ lọ́jọ́rú.

Ẹ gbà mí! Ẹ rántí wolé-wolé, àwọn aláṣọ kakí tó máa ń yọjú sínú àmù wa, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rí tanwíjí, ó di kóòtù? Lójú àwọn èèyàn yín, kò sí ìsípẹ́kítọ̀ mìíràn láyé yìí. Wọ́n gbá gbogbo àdúgbò. Wọ́n gun orí òrùlé, wọ́n ṣa òkúta kúrò níbẹ̀ dànù. Wọ́n bu omi fọ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ o! Gbogbo ògiri tó lanu, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, wọ́n fi ẹfun kùn ún. Màámi ló ṣíwájú wọn.

Nígbà tí èmi àti ìsípẹ́kítọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo rò pé a ti ṣìnà ni. Kọngílá náà, ọ̀gá kúárì, ti dé ṣáájú wa, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìsípẹ́kítọ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Láyí, àgbà àdúgbò, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?”

Bàbá Láyí, tó ń ṣépè fún kúárì láràárọ̀, ṣí fìlà. “Àlàáfíà ni o, ọmọ mi. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Kò séwu rárá.”

Mo pariwo pé, “Bàbá, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kúárì fún wọn!” Wọ́n wò mí tìkà-tẹ̀gbin, wọ́n ní ṣé bí wọ́n ṣe ń gba àlejò nílé wa nìyẹn, kí n jẹ́ kó mu omi ná. Kó tó mu omi tán, ọ̀gá kúárì ti mú un rìn yíká. Ìsípẹ́kítọ̀ fọwọ́ pa ògiri Màámi. Ògiri ń dán. Mo fi ibi tí wọ́n rẹ́ hàn án, ọ̀gá kúárì ní òjò ní ń la ògiri alámọ̀, ta ni kò mọ̀? Ìsípẹ́kítọ̀ wò mí bí ẹni ń wo wèrè, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo bínú sí wọn. Mo bínú sí Bàbá Láyí. Mo bínú sí ẹ̀yin náà, Bàámi, torí ta ló máa ń na pàṣán sókè lé wa lórí pé kí ìjọba má rí ìdọ̀tí ilé yìí láéláé? Ẹ̀yin mà ni. Ẹ kọ́ Màámi dáadáa.

Kọngílá kò tíì tún fọ́ òkúta láti ọjọ́ náà. Ó ń retí kí ìjọba kéde pé ọwọ́ òun mọ́, alárékérekè. Mo padà lọ sí Agodi, mo fẹjú, mo bẹ̀bẹ̀, títí ìsípẹ́kítọ̀ fi gbà láti tún yọjú lọ́la, Mọ́ńdè. Ó ní bí n kò bá rí ohun tí òjò ò lè là fi hàn òun, kí n má wá mọ́.

Ọ̀kan ṣoṣo ló wà. Ojú oórì yín ni. Kọnkéré gidi ni àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ní rélùwéè dà sí i, ojú mi ló ṣe, kò sí òjò tó lè là á. Ẹ̀tù kúárì là á láti ibi orí dé ibi ẹsẹ̀. Màámi ò sì lè jẹ́ kí ìjọba bá ọkọ wọn bẹ́ẹ̀. Kí Ọjọ́rú náà tó dé, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ó dán bí àwo.

Mo bẹ̀ wọ́n lánàá kí wọ́n jẹ́ kí n fi òòlù ṣí sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ kúrò, kí ìsípẹ́kítọ̀ lè rí ibi tó là. Wọ́n ní, “Bí o bá máa la òòlù mọ́ bàbá rẹ, èmi ni kí o kọ́kọ́ là á mọ́.” Wọ́n sunkún, èmi náà sunkún, a ò jẹun. Ṣé kí n wá jẹ́ kí ilé wó pa wọ́n nítorí ìtìjú? Ṣé ohun tí ẹ máa fẹ́ nìyẹn? Ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́.

Wọ́n ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Òòlù wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ibi ẹsẹ̀ yín ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, n ó sì rọra ṣe é. Bí wọ́n bá dé, tí wọ́n bá rí i, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, Bàámi. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Èmi ni, ọmọ yín, tí inú ń bí, tí ó sì fẹ́ràn yín títí di ìsinsìnyí.