Ẹni Tí Kì í Kọ Oògùn

Bàbá Kinanti,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Ìrẹsì àti témpè, ẹ̀wà sóyà díndín yẹn, wà lórí tábìlì, mo ti dé e. Kinanti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá àgbà. Ẹ má jí i o.

Dókítà àrùn ọpọlọ kọ oògùn oorun fún un láàárọ̀, ó ní ká rí Ìyáàfin Sekar náà, ẹni tí kì í kọ oògùn. Mo bi obìnrin náà ní ìbéèrè tí ẹ̀yin ì bá bi í: "Irú dókítà wo ni kì í kọ oògùn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi kì í ṣe dókítà, ìyá. Ọkàn èèyàn ni mo kàwé lé lórí. Ọ̀rọ̀ ni mo fi ń tọ́jú wọn."

Ó bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ti ọmọ wa, ó rọra ń bá a sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀. Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mì, tí ilé wa wó, bá lanu: "Ẹ̀rù ń bà mí."

Háà! Orí mi wú.

Nígbà tá à ń padà bọ̀, Kinanti ní tóun bá sùn jí, ẹ̀yin lòun fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jáde.

Ìyá Kinanti