Létà N Kan Nínú Ayé Dávídì Akínrẹ̀mí Ògúnṣọlá

Abúlé Odò-Sẹnwẹ̀ kò tóbi. Ẹni tó bá sín ní ìpẹ̀kun kan, ará ìpẹ̀kun kejì ni yóò sọ fún un pé pẹ̀lẹ́. Níbẹ̀, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó, ni wọ́n ti bí bàbá wa, Dávídì Akínrẹ̀mí Ògúnṣọlá, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 1956. Pa Jeremáyà Ògúnṣọlá, onígẹdú, ni bàbá wọn. Màmá Ràkẹ́ẹ̀lì, tí ó ń hun ẹní, ni ìyá wọn. Bàbá ni ọmọ kẹrin nínú méje. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá ń hun ẹní kì í pẹ́ mọ títẹ́, kì í sì í pẹ́ mọ kíká. Bàbá máa ń sọ ọ́ títí dọjọ́ alẹ́ wọn pé kí àwọn tó mọ téèpù ni àwọn ti mọ ẹní: ohun tó bá wà nínú ẹní tó ká, ojú kò lè rí i àfi bí ọwọ́ bá tẹ́ ẹ débẹ̀.

Ní ọdún 1962 ni bàbá wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ní abúlé. Nígbà tí wọ́n wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹsẹ̀ ni mọ́tò wọn, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí ní 1980, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kọ̀ǹpútà jẹ́ ẹ̀yà tẹlifíṣọ̀n kan. Ọdún tó tẹ̀lé e ni báńkì kan ní Marina l'Ékòó gbà wọ́n sí yàrá téèpù, níbi tí wọ́n ti ń pa àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà mọ́. Téèpù ìgbà náà rí roboto bí àwo ìjẹun, ó sì wúwo. Ní 1985 ni wọ́n gbé Àdùnní níyàwó, olùkọ́ tí kì í gbé ohùn sókè, tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kì í sì í pariwo.

Ọdún 2002 ni ilé-iṣẹ́ kan ní Creekmouth nílùú òyìnbó, níbi tí odò Roding ti ń já sínú Thames, gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ fún wọn. Wọ́n kó ìyàwó àti ọmọ méjì wá, Wúrà àti Dámiláre. Yàrá iṣẹ́ náà tutù bí inú fíríìjì tọdún tọdún, nítorí téèpù kò fẹ́ ooru. Ẹ̀wù òtútù méjì ni bàbá máa ń wọ̀ kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì ní Barking. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ni kí ó máa bá àwọn ẹlòmíràn pa àkọsílẹ̀ mọ́ sórí téèpù. Kò sí àwòrán kankan lójú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ náà. Ojú dúdú ni, ọ̀rọ̀ funfun. Bí o bá kọ ọ́ pé, "Kọjá apá àkọsílẹ̀ mẹ́ta," yóò kọjá. "Ká padà," yóò ká. Kò ní bi ọ́ pé ṣé ó dá ọ lójú. Bàbá ní ìránṣẹ́ tí kì í béèrè ọ̀rọ̀, òun gan-an ni kí ènìyàn bẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí létà n, ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣẹ́ náà, torí òun ló gbé ọ̀rọ̀ wa dání lónìí. Ẹ̀rọ téèpù kan náà ni, orúkọ méjì ló ń jẹ́. Bí a bá pè é ní st0, bó bá ti jíṣẹ́ tán, yóò ká téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Bí a bá fi n síwájú, tí a pè é ní nst0, yóò dúró síbi tó dé, yóò máa retí iṣẹ́ tó kàn. Bàbá a máa sọ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé Yorùbá ti mọ létà yìí kí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n. "Ó lọ", ó tán nìyẹn. "Ó ń lọ", ó ṣì wà lójú ọ̀nà. "Ẹ má fo ń o!" ni àwọn Yorùbá ibi iṣẹ́ náà fi ń kí ara wọn láàárọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Haneef Ṣùáíbù, ọmọ Ìsẹ́yìn tí wọ́n bí sí Barking níbí, a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ń yín yìí, orí sàréè yín lẹ máa kọ ọ́ sí."

Ohun tó kàn yìí, bàbá ló ní kí a kọ ọ́, kí a má sì fi í sí ìsàlẹ̀. "Àárín ni kí ẹ fi í sí," ni wọ́n wí, "níbi tí ìwé kò tíì sú ẹni tó ń kà á."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 2008, Haneef ń múra àtilọ kírun Jímọ̀. Ó ti ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ fún téèpù ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ti òní mọ́ ọn." Bàbá ní, "Máa lọ, kó o bá wa tọrọ ìwé ìgbélùú níbẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá jókòó sí àyè Haneef. Apá mọ́kàndínlógún ló ti wà lórí téèpù náà: orúkọ àwọn arúgbó, oògùn wọn, ta ni ọmọ ta. Bàbá pàṣẹ kí ó kọjá gbogbo wọn. Ó kọjá. Ṣùgbọ́n wọ́n fo n. Ẹ̀rọ ká téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, bí wọ́n ti kọ́ ọ. Nígbà tí bàbá ní kí ó kọ tuntun, orí apá kìíní ló kọ ọ́ sí, ó sì fi àmì òpin síbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: àkọsílẹ̀ ìyókù ṣì wà lórí téèpù, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kì í kọjá àmì òpin. Kò sì sí ẹ̀dà mìíràn.

Ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Sylvanus, pè wọ́n jọ. Orúkọ Haneef ni kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀. Haneef ní, "Ẹ̀gbọ́n Dávídì ló jókòó síbẹ̀." Ọ̀gá yíjú sí bàbá. Bàbá ní, "Mi ò jókòó síbẹ̀." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Haneef kàn ń wò wọ́n. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ilé-iṣẹ́ lé e, kò sì sí yàrá téèpù mìíràn tó gbà á.

Ìdí wà. Ìwé ìgbélùú ìdílé yìí wà lọ́wọ́ ìjọba nígbà náà, lẹ́tà ilé-iṣẹ́ nìkan ló gbé e ró. Bàbá rò ó pé ọmọ onílùú ni Haneef, yóò ríṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ìdí kì í ṣe àwíjàre. Ilé-iṣẹ́ ju téèpù náà sínú àpótí àwọn tó bàjẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bàbá sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láràárọ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2019. Ọdún mọ́kànlá. A rò pé òtútù yàrá yẹn ló ń mú kí ó rẹ̀ wọ́n.

Inú ìjọ Aládùúrà wa, lẹ́yìn ọjà East Street ní Barking, ni wọ́n ti sin Ọlọ́run fún ọdún méjìlélógún, wọ́n sì jẹ alàgbà níbẹ̀. Bí àkókò ìjẹ́rìí bá tó, bàbá yóò dìde nínú aṣọ funfun wọn, wọn yóò dúró, wọn yóò wo ilẹ̀, wọn yóò wá dá orin, wọn yóò sì jókòó. Ìjọ rò pé orin ni wọ́n fẹ́ràn. Láti 2021 tí àwọn ọmọ wa tuntun ti ń dé láti ilé, nọ́ọ̀sì, olùtọ́jú arúgbó, akẹ́kọ̀ọ́, bàbá ni ó ń bá wọn kún fọ́ọ̀mù lórí kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ Sátidé. Bí ọ̀kan bá fẹ́ parọ́ kékeré sínú fọ́ọ̀mù, bàbá yóò yọ ọwọ́ kúrò. "Irọ́ kékeré ni tèmi náà," ni wọ́n máa ń wí, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Rush Green ní ọ̀sán kan. Haneef ló ń wà á, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Dávídì, ẹ fi káàdì yín kan ẹ̀rọ, èrò ń bọ̀ lẹ́yìn." Bàbá jókòó dé òpin ọ̀nà. Nígbà tí èrò sọ̀kalẹ̀ tán, wọ́n dọ̀bálẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Kámẹ́rà wà lókè yẹn. Wọ́n á ní mo gbá yín."

"Haneef, dákun."

"Ibo lẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́? Ṣé inú bọ́ọ̀sì ni? Gbangba ni wọ́n ti lé mi. Ẹ má fi kọ̀rọ̀ bẹ̀ mí. Ẹ sọ ọ́ níbi tí àwọn tó mọ̀ wá máa gbọ́."

Bàbá ṣèlérí. Wọ́n tún dìde nínú ìjọ lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n tún dá orin. Nígbà tí àìsàn gbé wọn dè ní ọdún tó kọjá ni wọ́n pe Wúrà pé kí ó mú bírò wá. Wọ́n sinmi ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta ọdún 2025, ní ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin.

A kò ní fi pamọ́ fún yín pé a jà lórí ìwé yìí. Dámiláre ní, "Ìwé ìsìnkú kọ́ ni wọ́n ń kọ irú èyí sí, ẹ jọ̀ọ́. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?" Wúrà ní ẹni tó kú ló ní ìwé. Ìyá wọn, Àdùnní, dá sí i lọ́jọ́ kẹrin. "Ó sọ fún mi lọ́jọ́ Ẹtì yẹn gan-an. Èmi ni mo ní kó pa ẹnu mọ́, torí ìwé wa. Ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ tèmi mọ́ ọn." Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Tiwa yìí, ọdún mẹ́rìndínlógún ló rìn, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ kí òótọ́ tó dé. Ó ti rẹ àwa náà.

Nítorí náà, kí gbogbo ẹni tó mọ Haneef Ṣùáíbù ní Barking àti Dagenham gbọ́ ọ lẹ́nu ẹbí Ògúnṣọlá: kò bá téèpù kankan jẹ́. Dávídì ni. Kò parọ́. Dávídì ni.

Àwọn tó gbẹ̀yìn olóògbé ni Àdùnní, ìyàwó wọn. Wúrà àti Dámiláre, ọmọ wọn. Jésùfẹ́mi, Olúṣọlá àti Morákinyọ̀, ọmọ ọmọ wọn. Àti Ìyá Bọ́sẹ̀, àbúrò wọn ní Odò-Sẹnwẹ̀, tó ṣì ń hun ẹní.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Nígbà tí a kọ́kọ́ kọ ìwé yìí, a fi parí rẹ̀ pé, "Haneef dárí jì wọ́n." A kò bi í. A kàn rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ìwé òkú parí. Wúrà mú ìwé náà lọ bá Haneef ní Rush Green, níbi tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti ń sinmi. Ó kà á tán, ó bi í pé, "Ta ló sọ fún yín?" Wúrà mú bírò jáde kí ó lè pa á rẹ́. Haneef gba bírò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ létà kan ṣoṣo sí i, ó sì dá a padà.

"Mo ti bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Mi ò tíì parí. Ẹ má yọ ń yìí o. Bẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ìbẹ̀rẹ̀ ni màá padà sí."

Bó ṣe kọ ọ́ ni a ṣe tẹ̀ ẹ́: Haneef ń dárí jì wọ́n.

Akínrẹ̀mí, ọmọ Ògúnṣọlá, ọmọ Ràkẹ́ẹ̀lì ìyá ẹlẹ́ní, ẹní ti tẹ́ o. A ti bá ọ sọ ọ́ ní gbangba. Na ẹsẹ̀ rẹ, kí o sùn re.